Ọmọ Tó Ń Sùn Lábẹ́ Bíríìjì Náà Lè Kọ́ṣẹ́: Àwọn Ètò Tó Wà l'Ékòó, àti Ibi Tí Ilẹ̀kùn Ti Ń Tì

Lọ́dún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lé àwọn èèyàn kan kúrò lábẹ́ bíríìjì Dolphin Estate ní Ìkòyí. Yàrá 86 ni wọ́n sọ pé àwọn bá níbẹ̀, tí wọ́n gé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì ń san nǹkan bíi ₦250,000 lọ́dún fún yàrá kan. Owó ilé yẹn ni gbogbo ayé mú lẹ́nu nígbà náà. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n fi ya àwòrán apanilẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi tutù. Ìbéèrè tèmi ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó wà láàárín wọn ńkọ́, ibo ni wọ́n gbà lọ? Torí ẹni tó bá lè máa wá owó ilé san lábẹ́ bíríìjì, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Mo kọ èyí kó lè wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀: ètò ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọwọ́ wo ló wà l'Ékòó tí ọ̀dọ́ tí kò nílé lè wọ̀, kí ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó gbà á, ibo sì ni ilẹ̀kùn ti máa ń tì mọ́ ọn lójú. Mo lè sọ èyí tó ká mi lára jù báyìí ká tó lọ jìnnà. Ibi téèyàn ti lè kọ́ṣẹ́ kò wọ́n ní ìlú yìí. Ibi tí akọ́ṣẹ́ máa sùn lálẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀ ló wọ́n.

Ta là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an?

Ọ̀rọ̀ náà "ọmọ ìta" ti bàjẹ́ lẹ́nu wa. Téèyàn bá ti gbọ́ ọ, agbèrò ló máa wá sí i lọ́kàn, ẹni tó ń fọ́ ìgò, ẹni tí àwọn olóṣèlú ń lò nígbà ìdìbò. Àmọ́ èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọmọ tó ń kiri ọjà lọ́sàn-án tó sì ń padà sílé lálẹ́. Òun nílé, owó ni kò sí nílé. Ẹni kejì ni ẹni tó ń sùn sí ọjà, sí gáréèjì, sí abẹ́ bíríìjì, sínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí, tàbí sí etí òkun.

Ẹni kẹta la kì í rí. Ó ń sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì lóṣù yìí, ó ń sùn nínú dánfó lóṣù tó ń bọ̀, ó bá ẹnì kan ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó tún wá sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ títí ọ̀rẹ́ fi sú. Ó wọ bàtà, ó ní fóònù, ó sì lè jókòó tì yín nínú BRT láàárọ̀ yìí kẹ́ ẹ má fura rárá.

Bí wọ́n ṣe dé ìta kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo. Òbí kan kú, èkejì fẹ́ ẹlòmíì, ẹni tuntun yẹn ò fẹ́ ọmọ nílé. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n ń lù lálùbami sá jáde. Wọ́n pe ọmọ kan ní àjẹ́. Àwọn kan wá láti ìlú tí ogun ti lé wọn, àwọn míì sì jẹ́ ọmọ Èkó pọ́ńbélé tí wọ́n wó ilé mọ́ òbí wọn lórí. Iṣẹ́ ni gbogbo wọn sì ń ṣe níbi tí wọ́n wà: alábàárù ní Mile 12, kọ̀ndọ́, ṣíṣa ike àti irin, fífọ gíláàsì mọ́tò nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ń ba ọ̀pọ̀ ètò jẹ́, màá padà sórí ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ ká yà sọ́tọ̀. UNICEF sọ pé àwọn ọmọ tí kò sí nílé ìwé ní Nàìjíríà ju mílíọ̀nù 18 lọ téèyàn bá ka ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́ ti sẹ́kọ́ńdìrì kékeré. Àwọn èèyàn máa ń gbé nọ́ńbà yìí tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń sùn níta. Kì í ṣe nǹkan kan náà o. Ọ̀pọ̀ nínú mílíọ̀nù 18 yẹn ló nílé, tí wọ́n sì wà lọ́dọ̀ ìyá wọn.

Ohun tí òfin sọ, àti ọjọ́ orí tó dá a dúró

Òfin ò burú. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án, mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré, dandan sì ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde lọ́dún 2003, Èkó sì ṣe tiẹ̀ lọ́dún 2007. Lábẹ́ òfin yìí, ọmọ tí wọ́n bá rí tó ń rìn gbéregbère láìní ibùgbé jẹ́ ọmọ tó nílò ìtọ́jú àti ààbò. Ẹ ò rí i pé kò pè é ní ọ̀daràn.

Àmọ́ ọmọdé lójú òfin ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Lọ́jọ́ tó bá pé 18, gbogbo nǹkan tí mo kà sókè yìí ti kọjá lórí ẹ̀. Kò sí òfin kankan tó ní kí ìjọba wá ibi tí ọmọ ọdún 19 máa sùn. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí tí èèyàn máa ń kọ́ṣẹ́ dáadáa nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ l'Ékòó. Láàárín ọdún 1930 sí 1950, "boma boys" ni wọ́n ń pe àwọn ọmọkùnrin tó ń mú àwọn atukọ̀ òkun kiri ìlú. Ìjọba amúnisìn yan Donald Faulkner láti bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí, wọ́n sì ṣe òfin àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ lọ́dún 1943. Ohun tí òfin ọjọ́un dá sílẹ̀ ni kí wọ́n kó ọmọ nílẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí kóòtù àwọn ọmọdé, kí wọ́n sì fi í sí họ́sítẹ́ẹ̀lì tàbí ilé ìwé àtúnṣe, tàbí kí wọ́n dá a padà sí ìlú ẹ̀. Abosede George kọ ìwé kan nípa àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà l'Ékòó láyé amúnisìn, Making Modern Girls, tó jáde lọ́dún 2014. Ẹni tó bá kà á máa rí i pé àríyànjiyàn tí à ń ṣe lónìí nípa ọmọ tó ń kiri ọjà ò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìgbà yẹn.

Àpẹẹrẹ náà ṣì wà. Èkó ní àwọn ilé àtúnṣe fún ọmọdé, bí èyí tó wà ní Orégún fún ọkùnrin àti èyí tó wà ní Ìdí-Àràbà fún obìnrin. Ó ní ilé ìtọ́jú àti ìkọ́ṣẹ́ tó wà ní Májídùn lọ́nà Ìkòròdú, ibi tí wọ́n máa ń kó àwọn tí wọ́n bá rí ní títì lọ. Wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ níbẹ̀, mi ò sọ pé wọn ò kọ́ wọn. Àmọ́ ta ni máa fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn lọ síbi tí wọ́n ń fi mọ́tò kó èèyàn lọ? Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn: ibi tó ní bẹ́ẹ̀dì, kíkó ni wọ́n ń kó èèyàn lọ síbẹ̀, ibi tó ní iṣẹ́ téèyàn lè fínnúfíndọ̀ lọ kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ní bẹ́ẹ̀dì rárá.

Ọ̀gá, ọmọṣẹ́ àti onídùúró

Ká tó máa ka orúkọ àjọ, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa èyí tí gbogbo wa mọ̀. Láyé àwọn bàbá wa, ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ máa ń lọ gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá ni. Ó ń pọnmi, ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ aṣọ ọ̀gá, ó ń jẹun nílé ọ̀gá, ó sì ń sùn síbẹ̀. Tó bá fi máa ṣe fríìdọ̀m, ó ti mọ iṣẹ́, ó ti mọ oníbàárà, ó sì ti mọ ibi tí wọ́n ti ń ra ọjà. Ẹ wò ó dáadáa: bẹ́ẹ̀dì, oúnjẹ àti iṣẹ́ wà lábẹ́ òrùlé kan. Ohun tí àwọn ìjọba ìlú òyìnbó ń ná owó rẹpẹtẹ lé lórí lónìí, àwọn télọ̀ àti àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń ṣe é láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé gbogbo ẹ̀ dùn. Àwọn ọ̀gá kan ń lu ọmọṣẹ́ bí ẹni lu bàrà, àwọn kan sọ ọmọṣẹ́ di ẹrú inú ilé, ti àwọn ọmọbìnrin sì tún burú jùyẹn lọ. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀ wá wò wọ́n.

Nǹkan méjì ló yí padà. Àkọ́kọ́, ọ̀gá fúnra ẹ̀ ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Mẹkáníìkì tó ń sanwó ilé l'Ágége, ibo ló fẹ́ tẹ́ ẹní fún ọmọṣẹ́ sí? Torí ẹ̀, ọmọṣẹ́ ìsinsìnyí ń ti ilé òbí ẹ̀ wá ni. Ìkejì ni ìwé àdéhùn. Ọ̀gá á ní kí bàbá tàbí ìyá wá, kí onídùúró wá fọwọ́ sí i, kí wọ́n san owó ìkọ́ṣẹ́, kí wọ́n gbé ọtí àti mínírà wá kí wọ́n fi gbàdúrà. Mi ò bá ọ̀gá jà. Tí ọmọ tí kò mọ ilé ẹ̀ bá gbé spánà oníbàárà sá lọ, ọrùn ta ni wọ́n máa dì mọ́? Àmọ́ ọmọ tó ti Òṣòdì wá láìní bàbá, ọ̀rọ̀ ti parí níbi onídùúró yẹn.

Àwọn Igbo ní tiwọn. Ọmọ tó bá ń kọ́ ọjà títà lọ́dọ̀ ọ̀gá ní Alábà tàbí Ládìípọ̀ sábà máa ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá sì máa fún un lówó ìdáṣẹ́sílẹ̀ tó bá sìn parí. Ìyẹn náà dá lórí ẹbí àti ìlú tí a jọ ti wá. Ẹni tí ẹbí ẹ̀ ti já a sílẹ̀ ò ní rọrùn fún níbẹ̀.

Ìjọba àpapọ̀ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni iṣẹ́ wà. Àjọ NDE, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1986 nígbà tí àìríṣẹ́ṣe gbóná, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní National Open Apprenticeship Scheme. Wọn kì í kọ́ ilé ìwé fún un. Wọ́n máa mú ọ̀dọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀, wọ́n á sì máa fún akọ́ṣẹ́ ní owó díẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n tún ní èyí tó ń jẹ́ School-on-Wheels, mọ́tò ńlá tí irinṣẹ́ wà nínú ẹ̀ tó ń lọ bá àwọn ará ìgbèríko. Lójú tèmi, nínú gbogbo ètò ìjọba, èyí tí wọ́n fi ń mú èèyàn lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá yìí ló sún mọ́ ọmọ tí kò nílé jù, torí NDE ló dúró níbi tí òbí ì bá dúró. Ibi tó kù sí ni pé owó oṣù yẹn jẹ́ owó ọkọ̀ àti oúnjẹ. Kò lè san owó ilé.

Àwọn ilẹ̀kùn tó wà l'Ékòó

Fún ẹni tí kò mọ̀wé rárá, tàbí tó kúrò nílé ìwé ní púráímárì, àjọ ẹ̀kọ́ àgbà ti Ìpínlẹ̀ Èkó, Agency for Mass Education, ní kíláàsì káàkiri àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sí ẹni tó máa bi ọ́ pé ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ tó ò tíì mọ ABD. Ẹni tó bá ń ṣe alábàárù lójúmọmọ ṣì lè rí kíláàsì tó bá àsìkò rẹ̀ mu, torí wọn kì í fi gbogbo ọjọ́ ṣe é bíi ti ilé ìwé ọmọdé.

Fún iṣẹ́ ọwọ́, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti mímú òṣì kúrò, èyí tí wọ́n ń pè ní WAPA, ní àwọn ibùdó ìkọ́ṣẹ́ káàkiri. Aṣọ rírán, irun ṣíṣe, irun gígẹ̀, oúnjẹ sísè, àdìrẹ, fọ́tò yíyà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn kan jẹ́ oṣù díẹ̀, àwọn kan gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ń ṣi èèyàn lọ́nà, ọkùnrin náà ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Kò sí ibi ìsùn.

Àwọn tẹ́kíníkà kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Agídingbi, Ìkòtún, Ìkòròdú, Ado-Soba àti Odomola wà lábẹ́ àjọ LASTVEB. Iṣẹ́ tó jinlẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀: iná mànàmáná, wẹ́dà, ẹ̀rọ mọ́tò, pọ́lọ́mbà, kọ̀ǹpútà. Ọdún mẹ́ta ni, ìdánwò NABTEB ni wọ́n sì máa ń fi parí ẹ̀. Tí ẹ bá bi mí, èyí ló dáa jù nínú gbogbo wọn tó bá di ìwé ẹ̀rí tí ilé iṣẹ́ ńlá máa kà sí. Àmọ́ ẹni tó bá ti ṣe JSS3 tó sì yege ni wọ́n ń gbà. Ọmọ tó sá kúrò nílé ní púráímárì 5 ò lè dé ẹnu ọ̀nà.

LSETF, àjọ tí Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2016, ń san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ̀dọ́ ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ó sì ń yá oníṣòwò kéékèèké lówó. Olùgbé Èkó ni wọ́n ń wá, nọ́ńbà LASRRA sì ni wọ́n fi ń mọ olùgbé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba LASRRA, wọ́n á bi yín ní àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ.

Àwọn tí kì í ṣe ìjọba máa ń rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sandra Aguebor, mẹkáníìkì obìnrin tí òkìkí ẹ̀ kàn, dá Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ lọ́dún 2004, ó sì ti mú àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ayé ti kọ̀ sílẹ̀ wọ abẹ́ mọ́tò. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn ń mówó wọlé gan-an. Ọ̀pọ̀ ètò ìrànwọ́ fún ọmọbìnrin ló jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ àti ọṣẹ ni wọ́n máa ń kọ́ wọn, bíi pé gbogbo Èkó ń wá ìlẹ̀kẹ̀ rà.

Chess in Slums Africa, tí Túndé Onakoya dá sílẹ̀ lọ́dún 2018, gba ọ̀nà mìíràn. Ayò òyìnbó ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, wọ́n sì gbé e lọ bá àwọn tó ń gbé abẹ́ bíríìjì Òṣòdì. Ní April 2024, Onakoya ta ayò yìí fún wákàtí 60 gbáko ní Times Square ní New York láti fi wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ. Àwọn kan ń bèèrè pé kí ni ayò fẹ́ dà. Ayò fúnra ẹ̀ kọ́ ló ń sanwó. Ohun tó ṣe ni pé ó fún ọmọ ní orúkọ, àwọn èèyàn rí i lórí fóònù wọn, ẹnì kan sì dìde láti sanwó ilé ìwé ẹ̀. Agbára ẹ̀ nìyẹn, ibi tó sì kù sí náà nìyẹn: ọmọ tí kámẹ́rà ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ilé tó ní bẹ́ẹ̀dì gidi náà wà. SOS Children's Villages wà ní Ìsọlọ̀ láti ọdún 1973. Àmọ́ ọmọ kékeré ni irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà, tí wọ́n á tọ́ dàgbà bí ọmọ inú ilé. Kì í ṣe ọmọ ọdún 17 tó ti lo ọdún mẹ́rin nínú gáréèjì.

Ìwé, ìwé, ìwé

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ ọdún 17, ó ń sùn sí Òṣòdì, ó fẹ́ kọ́ rewáyà. Mi ò ní sọ ọ́ lórúkọ torí kì í ṣe ẹnì kan pàtó.

Fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tó máa gbà á bi í ní NIN. Ọ̀fẹ́ ni NIN, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín fún àkọ́kọ́ṣe. Ká ní kò tíì pé 16 ni, NIN òbí tàbí alágbàtọ́ ni wọn ì bá so mọ́ tiẹ̀. Ó ti pé 17, torí náà ìyẹn ti kúrò lọ́nà, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ mú ìwé kan dání tó fi hàn pé òun lòun. Ìwé ìbí ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Àjọ tó ń ka èèyàn, NPC, máa ń forúkọ ọmọ tí kò tíì pé 18 sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá ti kọjá 18, ìwé ẹ̀rí mìíràn ni wọn yóò fún un, ó sì ní owó tí wọ́n ń gbà fún un. Ẹ̀yin náà ẹ rí i: ọjọ́ ìbí 18 yẹn tún dé.

Tí ìwé ìbí ò bá sí, lẹ́tà láti ọwọ́ olórí ẹ̀sìn tàbí olórí ìlú wà lára ohun tí NIMC máa ń gbà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ èyí. Ìmáàmù mọ́ṣáláṣí tí ọmọ yẹn ti ń ṣàlùwàlá, tàbí pásítọ̀ tó ń jẹ́ kó sùn sí ṣọ́ọ̀ṣì, lè fi bébà kan ṣoṣo ṣe ohun tí àjọ kan lè fi oṣù mẹ́fà jókòó lé lórí.

Lẹ́yìn NIN ni báńkì. Owó oṣooṣù tí ètò ń san, inú àkáǹtì ni wọ́n ń san án sí. Láti December 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ, kódà àkáǹtì tó kéré jù gbọ́dọ̀ ní BVN tàbí NIN. Nítorí náà NIN ló ṣí gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ran ọmọ kan lọ́wọ́ tí kò sì lówó, kó bá a tò sórí ìlà NIN. Mo mọ̀ pé kò dùn ún yà fọ́tò.

Ìlú tó yanjú méjèèjì

Mo wo ibi tí wọ́n ti so bẹ́ẹ̀dì àti ìwé mọ́ ẹ̀kọ́, kí n lè mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. L'Amẹ́ríkà, Job Corps wà láti ọdún 1964. Ọ̀dọ́ tí owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, láti ọdún 16 sí 24, lè lọ gbé inú ibùdó, kó jẹun níbẹ̀, kó parí sẹ́kọ́ńdìrì, kó sì kọ́ṣẹ́, láìsan kọ́bọ̀. Ó wọ́n lówó o, èyí tí àwọn alátakò rẹ̀ sì máa ń tẹnu mọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2025 ìjọba Trump fẹ́ dá ọ̀pọ̀ ibùdó náà dúró, kóòtù ló dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n tún ní òfin McKinney-Vento ti 1987: ilé ìwé gbọ́dọ̀ gba ọmọ tí kò nílé wọlé lójú ẹsẹ̀, kódà tí kò bá ní ìwé kankan lọ́wọ́. Kó wọlé ná, ká wá ìwé tó bá yá.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní ilé tí wọ́n ń pè ní foyer, tí wọ́n kọ́ lára àwọn ará Faransé, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Yàrá ni wọ́n máa ń fún ọ̀dọ́, àdéhùn ibẹ̀ sì ni pé ó gbọ́dọ̀ máa kàwé tàbí kó máa kọ́ṣẹ́ nígbà tó bá ń gbébẹ̀. Ẹ ò rí i pé ilé ọ̀gá ni wọ́n tún kọ́, wọ́n kàn yọ fífọ aṣọ ọ̀gá kúrò ni.

Nínú méjèèjì, ti òfin ìwé yẹn ni mo rò pé Èkó lè ṣe lọ́la. Kò ná owó kankan. Kí ibùdó ìkọ́ṣẹ́ gba ọmọ wọlé, kí wọ́n sì fún un ní oṣù mẹ́ta láti fi wá NIN ẹ̀.

Ebi, irinṣẹ́ àti ìwé ẹ̀rí

Mo sọ pé màá padà sórí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níta. Alábàárù ń jẹun lójoojúmọ́ nínú owó tó ń pa lójoojúmọ́. Tí ètò kan bá ní kó wá jókòó láti aago mẹ́jọ sí aago mẹ́rin fún oṣù mẹ́fà láìsí oúnjẹ, ẹ ti ní kó yan ebi nìyẹn. Yóò wá fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ò ní rí i mọ́, wọ́n á sì ní "àwọn ọmọ ìta ò ṣeé tún ṣe." Oúnjẹ ọ̀sán kan péré lè jẹ́ kó dúró. Kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ọjà àárọ̀ bá ti wálẹ̀ náà lè jẹ́ kó dúró.

Irinṣẹ́ tún wà. Àwọn olóṣèlú fẹ́ràn àtimáa pín maṣíìnì ìránṣọ àti ẹ̀rọ ìlọta, kámẹ́rà á máa tàn. Ọmọ tó ń sùn nínú gáréèjì, ibo ló fẹ́ gbé maṣíìnì sí lálẹ́? Tí kò bá tà á, wọ́n á jí i. Tó bá tà á, wọ́n á ní ó ya ọ̀lẹ. Ó dáa kí wọ́n gbé irinṣẹ́ náà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan fún ọdún kan, kó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó sì máa dá owó pọ̀ fún yàrá.

Fún ẹni tó ti mọṣẹ́ tẹ́lẹ̀ láìní ìwé ẹ̀rí, ìròyìn ayọ̀ díẹ̀ wà. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Trade Test, ìpele kẹta, ìkejì àti ìkínní, ọwọ́ rẹ ni wọ́n sì fi ń dán ẹ wò jù. Àjọ NBTE náà ń bójú tó ìwé ẹ̀rí NSQ, tó gbà pé ohun tí èèyàn kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ láìjókòó sí kíláàsì ṣì jẹ́ ìmọ̀. Ọmọ tó ti bá rewáyà ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta lẹ́bàá ọ̀nà lè tipa bẹ́ẹ̀ rí ìwé tí kọ́ńpìnnì máa wò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi owó ran àjọ kan lọ́wọ́, ohun mẹ́rin ni mo máa ní kẹ́ ẹ bi wọ́n. Ibo ni ọmọ ń sùn nígbà tó bá ń kọ́ṣẹ́? Ta ló ń dúró fún un lọ́dọ̀ ọ̀gá? Kí ló ń jẹ lọ́sàn-án? Lẹ́yìn ọdún kan tó parí, ṣé ẹ ṣì mọ ibi tó wà? Àjọ tó bá dáhùn ìbéèrè kẹrin dáadáa, ẹ má ṣe jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín. Iye ọmọ tí wọ́n "fún lágbára" ò sọ nǹkan kan fún mi.

Tó bá sì jẹ́ ọmọ kan lẹ́ ẹ mọ̀, tí kò tíì pé 18, ọ́fíìsì wẹ́fíà tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú un lọ, torí wọ́n láṣẹ láti wá ibi tó máa gbé. Ẹ bá a lọ fúnra yín, ẹ má kàn júwe ọ̀nà fún un. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ẹ béèrè ibi tí NPC wà, kẹ́ ẹ gba ìwé ìbí ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ọjọ́ ìbí kejìdínlógún yẹn tó dé. Tó bá ti kọjá 18, NDE ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀. Kó béèrè ètò àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, kí ẹnì kan nínú yín sì ti múra láti fọwọ́ sí ibi tí wọ́n bá kọ "onídùúró" sí.